Ta Ni Yóò Dí Kànga Náà? Ìtàn Páìpù Irin Tó Wà Nínú Ilẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹ fẹ́ kà yìí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín kò tó láti gbọ́ ohùn, àti fún ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìròyìn kan gba orí fóònù gbogbo wa: kànga epo Eba, ní etí omi níhà Ogun Waterside. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní tòun ni. Àwọn ará Òǹdó ní rárá o, tiwọn ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, group WhatsApp ti pín sí méjì, oníkálukú ń gbé àwòrán ilẹ̀ jáde. Ìbéèrè tí mo rí jù ni pé èló ni yóò kàn wá, ta ni yóò sì ríṣẹ́ níbẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni bi: bí wọ́n bá gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ yẹn, tí epo inú rẹ̀ wá tán lọ́jọ́ kan, ta ni yóò dí i?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìbéèrè yìí ti wà lẹ́bàá ilé wa, a kò sì tíì dáhùn rẹ̀ tán. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn páìpù ni: páìpù irin tí wọ́n máa ń rì sínú kànga epo, tí wọ́n sì máa ń fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní casing?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Yálà Mọlípa lẹ ń gbé tàbí lọ́nà Ìbàdàn, ẹ ti rí wọn rí níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ borehole nílé onílé. Mọ́tò tó gbé ẹ̀rọ á dúró, irin gígùn á máa yí, ẹrẹ̀ á máa tú jáde, àwọn ọmọdé á pé jọ láti wòran. Tí wọ́n bá kan omi, wọn kì í fi ihò náà sílẹ̀ báyẹn. Wọ́n á máa sọ páìpù PVC kalẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á máa so ọ̀kan mọ́ ìkejì, títí á fi dé ìsàlẹ̀. Páìpù yẹn ni àwọn oníborehole ń pè ní casing. Bí wọn kò bá fi í sí i, iyanrìn á ya, ihò á dí, owó onílé á sì ṣòfò. Nínú kànga àwọn bàbá wa, òrùka kọnkéré ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Kànga epo kò yàtọ̀ ní ìpìlẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni bó ṣe jìn tó, àti agbára ohun tó wà nísàlẹ̀. Irin ni casing tibẹ̀, kì í sì í ṣe ìpele kan ṣoṣo. Ẹ rántí eriali rédíò àtijọ́, èyí tí a máa ń fà jáde: ìdí rẹ̀ tóbi, orí rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ yí i kodò sínú ilẹ̀, ẹ ti rí bí casing kànga epo ṣe rí nìyẹn. Èyí tó fẹ̀ jù ló wà lókè. Wọ́n á gbẹ́ díẹ̀, wọ́n á rì í, wọ́n á gba inú rẹ̀ gbẹ́ síwájú, wọ́n á tún rì èyí tó kéré sí i, títí wọ́n á fi kan ibi tí epo tàbí gáàsì wà.

Lẹ́yìn náà ni sìmẹ́ǹtì. Wọ́n á pò ó kó ṣàn bí ògì, wọ́n á fi ẹ̀rọ tì í gba inú páìpù lọ sísàlẹ̀, á sì yí padà gòkè sí àárín páìpù àti ògiri ilẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò gan sí. Iṣẹ́ mẹ́ta ni irin àti sìmẹ́ǹtì yìí jọ ń ṣe. Wọn kò jẹ́ kí ilẹ̀ ya. Wọn kò jẹ́ kí epo, gáàsì àti omi iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀ bá omi tí à ń mu lókè dàpọ̀. Wọ́n sì ń di agbára ìsàlẹ̀ mú kó má ṣẹ́gun ẹni tó ń gbẹ́ ẹ.

Ẹ rántí èkejì yẹn dáadáa. Kí èèyàn tó dé ibi epo, ó ní láti kọ́kọ́ lu ilẹ̀ tí omi kànga wa wà nínú rẹ̀ já.

Ta ló kọ́kọ́ ronú kàn án?

Àwọn ará Ṣáínà ni, epo rọ̀bì kọ́ ni wọ́n sì ń wá, iyọ̀ ni. Ní agbègbè Sichuan, ní nǹkan bí ọdún 1041 sí 1048, wọ́n ti ń gbẹ́ kànga tín-ín-rín láti fa omi iyọ̀, ọparun tí wọ́n ti dá lu ni wọ́n sì ń tò sínú rẹ̀ kí omi òkè má baà wọlé. Wọ́n ń tún un ṣe títí, nígbà tó sì di ọdún 1835, kànga Shenhai tiwọn ti jìn tó mítà 1,001. Ọparun àti igi ni, kò tíì sí íńjìnnì níbẹ̀ rárá.

Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1859, Edwin Drake ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Titusville ní Pennsylvania, ihò rẹ̀ sì ń ya lulẹ̀ ṣáá. Ó wá ra páìpù irin, ó gbá a wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 32 títí ó fi kan àpáta, ó sì gba inú rẹ̀ gbẹ́ síwájú. Ní ọjọ́ 27, Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ó rí epo ní ẹsẹ̀ bàtà 69 àti àbọ̀. Gbogbo ayé mọ Drake nítorí epo. Páìpù yẹn ló jẹ́ kó débẹ̀.

Sìmẹ́ǹtì wá lẹ́yìn. Lọ́dún 1903, ní California, wọ́n da sìmẹ́ǹtì sínú kànga kan láti dí ojú omi. Nígbà tó di 1919, Erle Halliburton dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lórí iṣẹ́ dída sìmẹ́ǹtì sí kànga epo. Òun náà ni Halliburton tí ẹ máa ń gbọ́ lónìí.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀, wọn kò tètè kọ́ bí a ṣe ń tì í. Ní Pennsylvania láyé ìgbà yẹn, bí kànga bá gbẹ, ìtì igi ni wọ́n máa ń tì bọ ẹnu rẹ̀, tàbí òkúta, tàbí yẹ̀pẹ̀. Nígbà míì, wọ́n á fa casing jáde nítorí pé irin ń pa owó, ihò náà á sì kù síhòòhò. Lónìí, ìṣirò àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kànga epo àti gáàsì tí wọ́n ti pa tì níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 3, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì sẹ́ni tó dí wọn dáadáa. Gáàsì ń jò láti inú àwọn míì. Ìjọba ló ń fi owó ará ìlú dí wọn báyìí, torí àwọn tó gbẹ́ wọn ti kú, ilé-iṣẹ́ wọn sì ti wó.

Ọ̀dà tó ń sun láti inú ilẹ̀ wa

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Bí ẹ bá jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ kọrí sí ìhà ìlà-oòrùn, tí ẹ kọjá Ògbèrè, ẹ ti wọ ilẹ̀ tí ọ̀dà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dà tí mo ń wí ni bitumen, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ilẹ̀ ọlọ́dà yìí bẹ̀rẹ̀ láti Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ó gba Òǹdó kọjá, ó sì wọ Ẹdó. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 120. Ní àwọn ibì kan, kò dìgbà téèyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ kó tó rí i. Bí oòrùn bá mú, á rọ̀, á sì sun jáde fúnra rẹ̀.

Ohun tó fa àwọn òyìnbó wá nìyẹn. Èrò wọn ni pé bí ọ̀dà bá ń sun lókè, epo gidi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ṣíwájú wọn ni John Simeon Bergheim. Kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú iṣẹ́ epo. Kó tó gbọ́ orúkọ Lẹ́kí, òun àti ará Kánádà kan, William McGarvey, ti jọ ṣe iṣẹ́ kànga epo ní Galicia, ilẹ̀ tó pín sí Poland àti Ukraine lónìí. Nigerian Bitumen Corporation ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé wá síbí. Ọ̀pọ̀ ìwé wa ló ń pè é ní ilé-iṣẹ́ Jámánì, bóyá nítorí bí orúkọ Bergheim ṣe ń dún létí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìtàn tó ti tú ìwé ìjọba amúnisìn wò, bíi J. M. Carland àti Phia Steyn, fi hàn pé ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ìjọba Southern Nigeria, tí Walter Egerton jẹ́ gómìnà rẹ̀, fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà púpọ̀. Wọ́n ṣe òfin lórí wíwá epo lọ́dún 1907, wọ́n sì yá Bergheim lówó. Láti 1908 títí di 1914, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbẹ́ kànga bíi 15 káàkiri agbègbè ọ̀sà Lẹ́kí, Ararọ̀mí àti Okitipupa. Ọ̀sà Lẹ́kí yìí kan náà ni Ìwópin wa wà létí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ òkèèrè.

Wọ́n rí ọ̀dà, wọ́n rí epo díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí èyí tó lè pa owó gidi. Lọ́dún 1912, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pa Bergheim ní London. Lọ́dún 1914, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ dáwọ́ dúró, ilé-iṣẹ́ náà kò sì padà wá mọ́.

Àwọn òyìnbó lọ, ṣùgbọ́n irin wọn kò bá wọn lọ. Ní Agbábù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ní Òǹdó, kànga kan wà tí wọ́n ń pè ní NBC-7. NBC yẹn ni Nigerian Bitumen Corporation. Páìpù irin náà ṣì wà lórí ìdúró, àwọn oníròyìn tó débẹ̀ sì ti kọ ọ́ pé nígbà tí oòrùn bá mú, ọ̀dà ṣì ń gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tó rì í ti kú. Ìjọba tó fún wọn láṣẹ ti kógbá wọlé. Casing nìkan ló kù, ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an lọ́jọ́ kìíní: ó di ojú ọ̀nà mú láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ dé òkè. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun, ta lẹ fẹ́ pè?

Mo fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn kànga tí kò rí epo o. Wọn kì í ṣe òfò pátápátá. Láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbẹ́ ihò 40 láti mọ bí ọ̀dà náà ṣe pọ̀ tó. Lọ́dún 1981, Omatsola àti Adegoke kọ ìwé lórí bí àpáta ilẹ̀ wa ṣe tò léra láti etíkun wá, wọ́n sì pe ìpele mẹ́ta nínú rẹ̀ ní Ise, Afowo àti Araromi. Ohun tí wọ́n rí nínú kànga tí ẹlòmíì ti gbẹ́ tó sì ti fi sílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Títí dòní, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ka ìmọ̀ ilẹ̀ kò lè fo orúkọ mẹ́ta yìí. Ìmọ̀ jáde láti inú àwọn ihò yẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í dí ihò.

Láti Ararọ̀mí dé Oloibiri

Lẹ́yìn ogun, ojú kúrò lọ́dọ̀ wa. Shell àti D'Arcy gba àṣẹ lórí gbogbo Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1930. Kànga jíjìn wọn àkọ́kọ́ ni Ihuo, nítòsí Owerri, lọ́dún 1951. Wọ́n gbẹ́ ẹ kọjá ẹsẹ̀ bàtà 11,000, gbẹrẹfu ni. Nígbà tó wá di 1956, wọ́n rí epo ní Oloibiri, ní ilẹ̀ tó jẹ́ Bayelsa lónìí, ní Oṣù Kejì ọdún 1958 sì ni epo rọ̀bì Nàìjíríà kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ sókè òkun.

Kànga kìíní ní Oloibiri jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12,008. Páìpù casing kan máa ń gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40. Bí ẹ bá fẹ́ tò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ irú kànga bẹ́ẹ̀, ẹ máa nílò bíi páìpù 300 fún ìlà kan ṣoṣo, ká má tíì sọ ti àwọn tó fẹ̀ jù ú lọ lókè. Irin tó wà nínú ilẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, wọ́n ti dẹ́kun fífa epo níbẹ̀. Àwọn tó ń fa epo kó lọ. Lónìí, irin ẹnu kànga náà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú pátákó tó sọ ọdún àti jíjìn rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ń lọ ya fọ́tò sí i. Àwọn ará ìlú ń bi wọ́n pé kí ni epo ọ̀hún fún wa.

Báwo ni wọ́n ṣe yẹ kó dí i?

Dídí kànga kì í ṣe kéèyàn kàn da yẹ̀pẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, wọ́n á kọ́kọ́ lọ bá ibi tí epo tàbí gáàsì ti ń wọlé nísàlẹ̀, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì sé e pa. Wọ́n á dúró kó gan, wọ́n á fi agbára tì í wò bóyá yóò yẹ̀. Wọ́n á tún sé ibi tí páìpù kan parí tí ìkejì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sé ibi tí omi mímu wà. Wọ́n á sé òkè. Ní ìkẹyìn, wọ́n á gé orí casing ní ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á jó irin pẹlẹbẹ bò ó lójú, wọ́n á sì bo yẹ̀pẹ̀ lé e kí àgbẹ̀ lè tún dá oko níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí: èyí tó pọ̀ jù nínú irin náà kì í jáde mọ́. Casing tí sìmẹ́ǹtì ti dì mú láti ẹ̀yìn ti di ara ilẹ̀. Èyí tí sìmẹ́ǹtì kò kàn, wọ́n lè gé e kí wọ́n fà á jáde, torí irin ń pa owó. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí wọ́n bá fa irin jáde tí wọn kò fi sìmẹ́ǹtì dípò rẹ̀, ọ̀nà ti là láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Bákan náà, bí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn casing kò bá dára láti ọjọ́ kìíní, ẹ lè dí inú páìpù títí, gáàsì á gba ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè. Ẹni tó bá fẹ́ tún irú èyí ṣe ní láti dá ihò sí ara irin kó tó lè fún sìmẹ́ǹtì gba ibẹ̀ lọ sẹ́yìn. Owó ńlá ni, kò sì mú kọ́bọ̀ kan wọlé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fi ń sún un síwájú.

Nàìjíríà mọ èyí tipẹ́. Ìlànà ìjọba lórí gbígbẹ́ epo, ti ọdún 1969, sọ ọ́ kedere: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí kànga tàbí kó pa á tì, kò sì gbọ́dọ̀ fa casing tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì dì jáde, láìgba ìwé àṣẹ ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó epo rọ̀bì. Ó tún sọ pé kí wọ́n dí kànga náà débi pé omi kò ní rí ọ̀nà wọlé tàbí jáde láàárín ìpele ilẹ̀. Òfin yẹn dára. Òun náà ló wà lójú ìwé nígbà tí àwọn tó wà ní Oloibiri kẹ́rù wọn.

Iná tó ń jó lórí omi

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó sún mọ́ wa jù. Lórí òkun, ní iwájú Awóyè ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, kànga kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ororo-1. Àwọn ará etí omi wa, láti Òde-Omi dé Mákùn-Omi, bá Ìlàjẹ pín etíkun ni. Chevron ló ni kànga yẹn tẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n tì í pa torí agbára ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: kò mú epo jáde, wọn kò sì dí i pátápátá. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà kéékèèké, Guarantee Petroleum àti Owena Oil and Gas.

Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí ìsémọ́lé Kòrónà ṣì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti tún kànga náà ṣí. Agbára ìsàlẹ̀ borí wọn. Kànga bú, iná sọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ sì jóná. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àwọn oníròyìn ṣì ń ya fọ́tò iná yẹn lójú omi. Àwọn apẹja tó ń ná ibẹ̀ ló mọ ohun tójú wọn rí. Ìwọ̀nba wa tó ń gbé ní ìgboro, bóyá a kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ Ororo-1 rí.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2021, kànga kan tí wọn kò fa epo nínú rẹ̀ mọ́ lásìkò náà, ní Nembe ní Bayelsa, fọ́ lẹ́nu, epo sì ń tú sínú odò fún ohun tó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó rí i sé.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì nìyí. Kànga tó ń mú owó wá ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Kànga tí wọ́n dí dáadáa kò nílò aṣọ́. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ló léwu: kò mú owó wá, kò sì tíì dí. Irin ń dógùn-ún, olówó ń yí padà, ìwé ń sọnù, agbára tó wà nísàlẹ̀ kò sì lọ síbì kankan.

Owó ìdíkànga

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Nàìjíríà ní òfin epo tuntun, èyí tí a ń pè ní PIA. Apá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú rẹ̀ ni owó tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa epo: ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé-iṣẹ́ ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Apá tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí ni abala 232 àti 233. Wọ́n sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá ń wa epo gbọ́dọ̀ máa dá owó sí ìpamọ́, ní ilé ìfowópamọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, fún ọjọ́ tí wọn yóò dí kànga tí wọn yóò sì tú ẹ̀rọ. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kọ̀ láti ṣe é, àjọ ìjọba lè fi owó yẹn ṣe é.

Ẹ ronú sí i bí ìdógò tí onílé máa ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé. Kì í ṣe torí pé ayálégbé burú. Torí pé ẹni tó ti kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó ṣòro láti pè é padà wá tún ògiri kùn.

Òfin yìí bọ́ sí àkókò. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ti ń ta kànga orí ilẹ̀ wọn. Shell kéde ní ọdún 2024 pé òun fẹ́ ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ fún Renaissance, ó sì parí rẹ̀ ní Oṣù Kẹta ọdún 2025. Nígbà tí kànga bá yí ọwọ́ padà, gbèsè dídí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹni tó jẹ epo rẹ̀ fún 50 ọdún ni yóò san án, àbí ẹni tó ra ìyókù? Àwọn ará Niger Delta ti ń pariwo lórí èyí, wọ́n sì jàre. Àwọn náà mọ ìtàn Oloibiri.

Àwa ńkọ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ Eba. N kò lòdì sí kí wọ́n wa epo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn ọ̀dọ́ Àbígi àti Ìbíadé nílò iṣẹ́, ọ̀nà ibẹ̀ sì nílò àtúnṣe. Ẹni tó bá jàjà gba ilẹ̀ náà, Ògùn tàbí Òǹdó, kí wọ́n yanjú rẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Omi àti ẹja kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Bí kànga bá bú níbẹ̀, ìyà rẹ̀ á jẹ Ìjẹ̀bú, á jẹ Ìlàjẹ.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a béèrè ìbéèrè náà ṣáájú, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ṣì nílò wa, tí wọ́n ṣì ń fi ẹ̀rín pàdé àwọn ọba àti olóyè wa. Ìbéèrè márùn-ún péré ni. Ihò mélòó ló ti wà nínú ilẹ̀ wa látẹ̀yìnwá, níbo ni wọ́n wà, báwo ni wọ́n sì ṣe dí wọn? Casing tí ẹ fẹ́ rì, ìpele mélòó ni, títí dé ìsàlẹ̀ omi tí à ń mu? Ta ló yẹ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ wò, níbo ni èsì rẹ̀ wà? Owó ìdíkànga, ilé ìfowópamọ́ wo ló wà? Bí ẹ bá ta kànga náà fún ẹlòmíì, ṣé owó yẹn á bá a lọ?

Ìbéèrè kìíní ló ká mi lára jù. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń lu ilẹ̀ yìí, láti ayé Bergheim títí dé ayé àwọn onímọ̀ Ifẹ̀. Ọmọ tó ń dá oko lẹ́bàá Ògbèrè yẹ kó lè mọ̀ bóyá páìpù wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Bí a bá lè rí ilé oúnjẹ tó sún mọ́ wa jù lórí fóònù, kò yẹ kó ṣòro láti rí àwòrán ilẹ̀ tó fi gbogbo kànga àtijọ́ hàn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà láàárín wa, iṣẹ́ yín nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìmọ̀ ilẹ̀, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá àgbà ní etí omi, ẹ lọ bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó sùn: ṣé wọ́n rántí ibi tí wọ́n ti rí irin tó yọrí láti inú ilẹ̀ rí? Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù.

Ẹni tó ń ṣí ilẹ̀ ló máa ń gbé orúkọ lọ. Bergheim ní orúkọ nínú ìwé, Oloibiri ní pátákó. Ẹni tó dí ihò dáadáa, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, torí pé àgbàdo ló ń hù níbi tó ti ṣiṣẹ́, omi kànga ibẹ̀ sì mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ká máa wá báyìí, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ wọlé.

Ibi tí mo máa dúró sí nìyí. Bí ẹ bá ní ìtàn irú irin bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yín, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹnìkan tó wá láti Ogun Waterside tàbí Ìlàjẹ. Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa ṣe dáadáa o. Ó dàbọ̀.